Kíjìpá Ni Mo Ní Kí Ẹ Fi Ránṣẹ́, Kì í Ṣe Léèsì

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ooru, ẹ kú ẹ̀fọn, ẹ kú ìsọ̀ bọ́tìnì tí oòrùn ọ̀sán máa ń wọ̀ tààrà. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kí yín yìí, ìbọ̀sẹ̀ lórí ìbọ̀sẹ̀, kóòtù lọ́rùn, nínú yàrá mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, tàgbà tèwe. Mo kí àwọn télọ̀ tó ń ra òwú lọ́wọ́ yín. Mo kí Tíṣà tó ń gbé yàrá iwájú, ẹni tó máa ń bá yín ka lẹ́tà, ṣùgbọ́n kí Tíṣà má rò pé inú mi dùn sí òun o.

Tíṣà ló jẹ́ kí n gbé lẹ́tà yìí fún àwọn oníwèé ìròyìn. Gbogbo lẹ́tà tí mo ti ń kọ sílé láti ìgbà tí òtútù ọdún yìí ti dé, ibi tó bá dùn nìkan ló ń kà fún yín. Mo mọ̀, nítorí pé bí ẹ bá fèsì, ẹ ó dúpẹ́ ìkíni, ẹ ó gbàdúrà, ẹ kò sì ní dáhùn ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí mo bi yín. Tíṣà kò fẹ́ kí inú ìyá àgbàlagbà bàjẹ́. Ó ṣeun. Ní báyìí, iwájú ìsọ̀ fọkanáísà ni wọn yóò ti ka tèmi sókè, níbi tí gbogbo àdúgbò ti ń pé jọ lé ìwé ìròyìn kan ṣoṣo lórí, kò sì sí ẹni tó lè fò ó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀yin nìkan kọ́ ni ìyá tó kọ irú ohun tí ẹ kọ. Àwọn ìyá wà ní Mushin, wọ́n wà ní Yaba, tí wọ́n ti kọ ọ́ sí ọmọ tiwọn. Kí gbogbo wọn gbọ́ ọ pa pọ̀.

Màámi, inú ń bí mi. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé àárò ilé ló ń ṣe mí. Àárò ilé ń ṣe mí lóòótọ́, ó ń ṣe mí bí ìgbà tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu ọmọ, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe àárò. Inú ló ń bí mi. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, mo kúnlẹ̀, inú sì ń bí mi lórí ìkúnlẹ̀ náà.

Lẹ́tà tí ẹ kọ sí Délé ti dé. Kí àwọn tí kò mọ̀ wá lè mọ̀, Délé ni àbúrò mi tí ó tẹ̀lé mi wá síbí láti kọ́ iṣẹ́ akàwé owó. Yàrá tó wà nísàlẹ̀ tèmi ló ń gbé, òun àti Bọ́sẹ̀ ìyàwó rẹ̀ àti Mojísọ́lá ọmọ wọn, tí kò tíì lè jókòó. Ohun tí ẹ kọ ni pé òtútù ìlú òyìnbó kì í dá ọmọ ọwọ́ adúláwọ̀ sí. Ẹ ní kí wọ́n gbé Mojí fún obìnrin òyìnbó kan ní abúlé kan, kó máa bá wọn tọ́ ọ títí Délé yóò fi jáde ìwé. Ẹ ní bí àwọn ọlọ́gbọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ tún fi kún un pé ọmọ náà yóò gbọ́ èèbó láti inú ìtẹ́ wá. Ẹ wá fi àdúrà dé e lórí, bí ẹni fi ọmọrí dé ìkòkò.

Ta ló sọ ọ́ fún yín? Ọmọ Lándílọ́ọ̀dù yín ni. Mo mọ̀ kí n tó kà á débẹ̀. Ọmọ Lándílọ́ọ̀dù tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù, tó padà sílé, tó ń wọ kóòtù òun táì kiri Surulere nínú ooru, tó ń fi imú sọ̀rọ̀. Ó ní omi inú ife di òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn òun. Òótọ́ ni. Mo wà níbẹ̀. Ó di òkúta nítorí pé fèrèsé ló ń ṣí sílẹ̀ tó bá ń mu sìgá, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dí ìdí ilẹ̀kùn. Yàrá mi ló ń sá wá tí òtútù bá mú un. Ẹ̀wà mi ló ń jẹ, ìdí sítóòfù mi ló ń jókòó sí tí mi ò fi ní rí àyè na ẹsẹ̀. Òun ló wá di olùkọ́ yín lórí òtútù. Ẹni tí kò lè dáná fún ara rẹ̀ ló ń sọ fún ìyá ọlọ́mọ pé ọmọ yóò kú.

Ó dáa, nígbà tó jẹ́ pé òtútù lẹ ń bẹ̀rù, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí a ṣe ń bá òtútù gbé. Ilé ìfọṣọ ọsibítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò ní owó tí mo fẹ́ fi ṣeré. Ohun tí mo mọ̀, ẹni tí kò lówó ló ń mọ̀ ọ́n. Kí Tíṣà rọra kà á, kí ẹni tó bá ní ọmọ níbí lè gbọ́ kó sì fi ránṣẹ́.

Òtútù kì í ṣe iwin. Ọ̀nà ló ń gbà wọlé, bí olè. Ẹ wá ọ̀nà náà kí ẹ dí i. Ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó bá ti ya, tó gùn dé itan, èmi kì í dà á nù. Màá ki àkísà àti ìwé ìròyìn tí mo ti ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ sínú rẹ̀ títí yóò fi le, màá sì tẹ́ ẹ sí ìdí ilẹ̀kùn. Fèrèsé ńkọ́? Màá po sítáàṣì, màá fi lẹ ìwé ìròyìn mọ́ gbogbo ibi tí igi fèrèsé ti yanu. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, búláńkẹ́ẹ̀tì á bo ojú fèrèsé. Tó bá di àárọ̀, màá ká a kúrò kí oòrùn lè wọlé, bí ó bá yọ. Oòrùn ibí dà bí àna tó ń bínú: ó yọjú, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó ti lọ.

Ní ti ara, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ọmọ yín ra aṣọ kan ṣoṣo tó nípọn tó sì gbówó lórí. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí a wọ̀ léra wọn ju ẹyọ kan tó nípọn lọ. Ìwé ìròyìn á wà láàárín síńgílẹ́ẹ̀tì àti súẹ́tà, níwájú àyà àti lẹ́yìn. Ó ń dún pẹ̀pẹ̀ bí èèyàn bá ń rìn, ṣùgbọ́n ó ń gba atẹ́gùn dúró. Ẹ mọ ẹni tó kọ́ mi? Ìyá arúgbó òyìnbó kan tó ń gbé yàrá òdìkejì tèmi ni, opó tí ogun wọn pa ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tó ń ki ìwé ìròyìn bọ àyà, mo rò pé orí rẹ̀ ti yí. Òtútù ló ń mú un! Kò lówó kẹrosíìnì. Tó bá di ọ̀sán, ilé ìkàwé ìjọba ló máa ń lọ jókòó sí, nítorí pé wọ́n ń dáná síbẹ̀, yóò ṣí ìwé kan sílẹ̀ bí ẹni tó ń kà á títí wọn yóò fi lé e jáde. Òyìnbó ni o, Màámi. Ta ló sọ fún yín pé òtútù mọ àwọ̀ èèyàn? Òtútù mọ tálákà ni.

Oúnjẹ náà ńkọ́? Ẹ̀wà tí a rẹ mọ́jú ni ọba. Ìrọ̀lẹ́ ni a máa ń gbé e ka iná kékeré, nígbà tí gbogbo wa bá ti pé sínú yàrá kan, tèmi tàbí tiwọn, nítorí pé kò sí ìdí tí iná méjì yóò fi máa jó nínú ilé kan. Ìkòkò náà ń se oúnjẹ, ó sì ń mú yàrá móoru. Ata gígún á wà níbẹ̀, èyí tí ẹ fi ránṣẹ́; ìyẹn nìkan ni ẹ̀bùn yín tó wúlò lọ́dún yìí. Omi tó bá kù nínú kẹ́tù lẹ́yìn tí a bá ti po tíì, inú rọ́bà omi gbígbóná ló ń lọ, rọ́bà yóò wọ abẹ́ aṣọ ibùsùn, bó bá sì di àárọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, òun náà ni Bọ́sẹ̀ á fi nu ojú Mojí. Omi kan, iṣẹ́ mẹ́ta.

Wọ́n ń múná lọ níbí náà o. Àwọn tó ń wa èédú ló da iṣẹ́ sílẹ̀, ni ìlú bá ṣókùnkùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo òyìnbó inú ilé bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní a ti dé Mushin. Ó tan àbẹ́là, ó ń bá ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Kẹrosíìnì ni kí ẹ bá mi kìlọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má rọ ọ́ nígbà tí iná bá ń jó. Kí wọ́n má gbé sítóòfù tó ń jó láti yàrá kan sí òmíràn. Kí fèrèsé máa ṣí díẹ̀ tí iná bá ń jó, bí ó ti wù kí òtútù pọ̀ tó, kí wọ́n sì pa sítóòfù kí wọ́n tó sùn. Mo mọ ilé kan tí wọ́n ti ń sá aṣọ ọmọ sórí rẹ̀, tí ilé náà kò sí mọ́. Ìṣọ́wóná tó ń pani kì í ṣe ìṣọ́wóná, àìlọ́gbọ́n ni.

Ní ti ọmọ tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, ẹ gbọ́ bó ṣe ń la òtútù já. Mo ra kóòtù ọkùnrin kan, àlòkù, gìrìwò, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ́sẹ̀ á pọn Mojí, á fi ọ̀já gbà á, á wá wọ kóòtù náà lé àwọn méjèèjì lórí, á de bọ́tìnì rẹ̀ níwájú. Orí Mojí nìkan lẹ ó rí tó yọ síta lọ́rùn kóòtù pẹ̀lú fìlà òwú, bí orí ìjàpá. Àwọn òyìnbó ń wò wọ́n nínú bọ́ọ̀sì. Obìnrin kan rọra bi Bọ́sẹ̀ bóyá ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ wá gbọ́: láti ìgbà tí òjò dídì ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé ló ti húkọ́, Délé húkọ́, èmi húkọ́, Ìyá arúgbó húkọ́ títí a fi rò pé ó ń lọ. Mojí kò sín.

Ibi tí mo ti wá bá yín jà gan-an rèé. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ yìí, mo kọ̀wé sí yín pé kí ẹ bá mi mú kíjìpá tó wà nísàlẹ̀ àpótí dúdú, aṣọ Ìyá Àgbà, kí ẹ fi rán ẹni tó ń bọ̀. Kò sí búláńkẹ́ẹ̀tì òyìnbó tó nípọn tó o. Ẹ fèsì pé kíjìpá á dójú tì wá ní Lọ́ńdọ̀nù, pé wọn á ní ará oko ni wá. Léèsì lẹ kó ránṣẹ́. Léèsì, Màámi! Aṣọ tó jẹ́ pé ihò ni gbogbo rẹ̀, bí ajẹ̀rẹ̀. Mo ta á sí ojú fèrèsé, atẹ́gùn ń kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sí ọjà. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń pa á lówe fún wa pé òfì laṣọ àgbà, kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ, àgbà tí kò lófì kó rọ́jú ra kíjìpá. A kò lófì, a kò sì ní kíjìpá. Iyì lẹ fi bò wá.

Délé ti mú wa lọ wo obìnrin òyìnbó náà. Ọjọ́ Sátidé kan ni, ọkọ̀ ojú irin gbé wa jìnnà títí a fi ń gbọ́ òórùn òkun. Mo fẹ́ kí n sọ òtítọ́: kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fún wa ní tíì. Ó gba Mojí mọ́ra bí ẹni tó ti tọ́mọ rí. Ilé rẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n yàrá ìjókòó nìkan ni iná wà, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń jókòó sí. Ó mú wa gòkè lọ wo yàrá tí Mojí yóò máa sùn. Mo gbé ọwọ́ lé ògiri. Màámi, mo yára mú ọwọ́ mi kúrò. Omi ti dì sí ara gíláàsì fèrèsé nínú yàrá. Nínú, mi ò ní ìta. Ibùsùn kékeré onígi kan ló wà láàárín yàrá náà bí àgò adìẹ. Mo bi í pé ta ló ń bá ọmọ sùn níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, inú kò bí i, ó ní kò sí ẹni tó ń bá ọmọ sùn, pé bí àwọn ṣe tọ́ gbogbo ọmọ àwọn nìyẹn, wọn á pa iná, wọn á ti ilẹ̀kùn. Mo ní bí ó bá ké ńkọ́? Ó ní kí a fi í sílẹ̀, yóò rẹ̀ ẹ́, yóò sùn. Mo kàn rí Bọ́sẹ̀ tó fa ọ̀já rẹ̀ le.

Ẹ rí i, ibẹ̀ ni àṣìṣe yín wà, àṣìṣe àwa Yorùbá sì ni. Bí ẹ bá gbọ́ pé kí a gbé ọmọ fún ẹnì kan tọ́, ohun tó wá sí yín lọ́kàn ni bí ẹ ṣe gbé èmi fún ẹ̀gbọ́n yín ní Yaba. Orí ẹní kan náà ni èmi àti àwọn ọmọ wọn sùn sí. Wọ́n nà mí bí wọ́n ṣe nà wọ́n. Ọdún kò dé kí n má wálé, ẹ̀yin náà á sì máa gbé ọsàn wá wò mí. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni jẹ́ kí n gbàgbé ẹni tó bí mi. Bí mo bá ṣe dáadáa wọn á fi orúkọ yín kí mi, bí mo bá ṣe burúkú wọn á fi orúkọ yín bú mi. Irú rẹ̀ lẹ rò pé ó wà níbí. Kò sí níbí.

Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ obìnrin náà, bí ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìwáyà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn méjèèjì. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i, ojú rẹ̀ jọ ojú ọmọ wa. Mo tẹ̀ ba, mo kí i pé báwo ni, ọkọ mi. Ó sá sẹ́yìn ápírọ́ọ̀nù obìnrin náà. Ó ń bi í ní èèbó pé ariwo kí ni mò ń pa, pé ṣé mo wá mú òun lọ ni. Mo béèrè orúkọ rẹ̀, wọ́n ní Tọ́mì. Obìnrin náà ní ó ní orúkọ kan tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó le lẹ́nu. Ó sọ fún wa, pẹ̀lú àánú lójú, pé nígbà Kérésìmesì ìyá ọmọ náà wá wò ó, pé ó ké títí, kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fọwọ́ kan òun, títí ìyá náà fi gbé nǹkan tó rà wá sílẹ̀ tó sì lọ dúró sẹ́nu géètì. Ó gbọ́ èèbó o, Màámi. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ó gbọ́ ọ tó fi jẹ́ pé òun ni ó fi lé ìyá rẹ̀ jáde.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tí a ń padà bọ̀, Bọ́sẹ̀ kò wo ojú ọkọ rẹ̀, ó kọjú sí èmi. Ẹ mọ̀ pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í gbé ohùn sókè sí ará ilé ọkọ. Ó ní, "Àǹtí mi, tó bá jẹ́ òtútù ni, ara mi ni yàrá ọmọ mi."

Ẹ mọ ohun tí ọmọ yín fèsì? Ó ní òun kọ́. Ó ní ìyá òun ti sọ̀rọ̀, òun kò sì lè kọ ọ̀rọ̀ sí ìyá òun lẹ́nu. Ó fi yín bojú, Màámi. Abẹ́ ìró yín ló sá sí. Mo mọ ohun tó ń ṣe é: ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, ìdánwò rẹ̀ ń bọ̀, ọmọ ń ké, yàrá kan ṣoṣo ni. Mo mọ̀, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Mo sọ fún un pé òkè lórí rẹ̀ gan-an ni mò ń gbé, pé bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí Mojí máa wà lẹ́yìn mi títí yóò fi kàwé tán. Ó ní rárá, àfi bí Màámi bá yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Ó ti bá obìnrin náà ṣe àdéhùn. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ ni yóò gbé Mojí lọ. Bọ́sẹ̀ kò jẹun dáadáa mọ́. Ó ń fọ aṣọ ọmọ, ó ń ká a, ó tún ń tú u.

Nítorí náà, èmi náà á rán yín létí ohun kan, gbogbo Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó á sì bá yín gbọ́ ọ. Délé kò mọ̀ ọ́n, ẹ kò sọ fún un rí. Èmi mọ̀ ọ́n, mo ti tó ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ nígbà náà.

Ògbómọ̀ṣọ́ la wà, a kò tíì kó wá sí Èkó. Oṣù rẹ̀ kò pé tí ẹ fi bí i, inú ọ̀yẹ́ sì ni, ọ̀yẹ́ tó ń la ètè tó ń la gìgísẹ̀. Ó kéré débi pé bàbá wa, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, kò gbà láti gbé e. Nọ́ọ̀sì wá sílé, ó ní kí ẹ gbé e fún àwọn, kó wà lọ́dọ̀ àwọn títí yóò fi gbó. Àwọn àǹtí bàbá wa ní ọ̀rọ̀ gidi ni. Gbogbo ilé dá sí i. Ẹ jókòó lórí ẹní, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn sọ̀rọ̀ tán, ẹ wá ní, "Ẹ̀yìn mi ò tíì kún."

Ó tán. Ẹ gba kíjìpá lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, ẹ fi òrí pa ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ dì í mọ́ àyà. Nígbà tí ọrùn rẹ̀ le, ẹ gbé e sẹ́yìn. Ẹ yan gàrí pẹ̀lú rẹ̀, ẹ lọ odò pẹ̀lú rẹ̀, ẹ sì ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn. Ẹ rán mi kí n wá àkísà dí ìdí ilẹ̀kùn. Ẹ rán mi kí n gbé ìkòkò ẹ̀yinná wá sí igun yàrá, ẹ sì ní kí n jẹ́ kí fèrèsé ṣí díẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, ìwé ìròyìn àyà nìkan ni Ìyá arúgbó kọ́ mi. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti mọ ìyókù. Ẹ kò sọ ọmọ yẹn kalẹ̀ títí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀. Òun ló ga tó báyìí, tó ń ka ìwé owó, tó fẹ́ lọ gbé ọmọ tirẹ̀ sọ sínú àgò adìẹ nítorí òtútù. Ẹ̀yin lẹ sì ní kó lọ.

Mi ò fẹ́ lẹ́tà. Bí ẹ bá kọ lẹ́tà, Tíṣà á fi oyin sí i, Délé á sì kà á bó ṣe wù ú. Nọ́ọ̀sì kan láti Ìdí-Àràbà, ọmọ ọ̀rẹ́ yín tó máa ń ra bọ́tìnì lọ́wọ́ yín, ń bọ̀ níbí kí oṣù yìí tó parí. Ẹ lọ ṣí àpótí dúdú. Ẹ gbọn káńfọ̀ kúrò lára kíjìpá náà, ẹ ká a, ẹ gbé e lé e lọ́wọ́. Kó má sí ọ̀rọ̀ kankan lórí rẹ̀. Bí ó bá dé, èmi fúnra mi á tẹ́ ẹ sórí itan Délé, màá sọ ohun tó jẹ́ fún un, màá sì wo ojú rẹ̀ bóyá yóò lè gbé ọmọ lọ. Bí kò bá dé, Mojí á lọ ní Sátidé yẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá rí i tó ń sá fún yín sẹ́yìn ìró ẹlòmíràn, kí ẹ má bi mí.

Bí mo bá ti lé ọ̀rọ̀ kọjá ibi tó yẹ, ẹ fi orí jì mí, Màámi, ọmọ tó ní ìyá ló ń bínú sí ìyá. Ẹ bá mi kí Tíṣà, kó má bínú. Ẹ bá mi kí àwọn télọ̀, ẹ kí fọkanáísà àti gbogbo ẹni tó dúró síwájú ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ bá mi kí ọmọ Lándílọ́ọ̀dù dáadáa, ẹ ní ẹ̀wà wà lórí iná. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ooru kò ní mú yín jù, ojú yín kò ní ṣú, ọwọ́ yín á mọ ihò abẹ́rẹ́ títí di ọjọ́ alẹ́. Mojí á rí yín, á pè yín ní Màmá Àgbà ní èdè tí ẹ gbọ́, ẹ ó sì pọ̀n ọ́n.

Èmi ni Fọláṣadé, ọmọ yín. Ẹ̀yìn tèmi náà ò tíì kún.